Ọmọ Tó Bá Orúkọ Baba Rẹ̀ Lọ

Ní ọ́fíìsì tí Rekiat ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ápápá, "Ìyá Ẹ-má-pa-á-rẹ́" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tuntun kan ò ní wọṣẹ́ kó má kọ́kọ́ gbọ́ ìwàásù rẹ̀: ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń yọ àkọsílẹ̀ kúrò. Ọ̀kan, ẹ fi àmì sí i. Kò ní hàn mọ́, àmọ́ ó ṣì wà ńbẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá nílò rẹ̀ ẹ ó yọ àmì náà. Èkejì, ẹ pa á rẹ́ ráúráú, ó di àwátì. Oníwàásù kì í sì í sábà gbọ́ ìwàásù ara rẹ̀.

Òun náà ló ṣe áàpù tí ẹbí Àbúdù, ẹbí rẹ̀ l'Ájégúnlẹ̀, ń lò dípò ìwé àtijọ́ tí olórí ẹbí ti máa ń fa ìlà lé orúkọ òkú. Ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín ilẹ̀ nílé wọn: ìyàwó kọ̀ọ̀kan tí baba ńlá wọn fẹ́ ni ìdí-igi kan, abẹ́ ti Mujeedat sì ni Rekiat wà. Bẹ́ẹ̀ ni Rekiat ṣe tò ó, ọmọ lábẹ́ òbí, ọmọ-ọmọ lábẹ́ ọmọ.

Láàárọ̀ Jímọ̀ tí ìpàdé ilẹ̀ máa wáyé, Àlhájì Kọ̀yà, olórí ẹbí tuntun, pè é.

"Rekiat, mo ń rí orúkọ òkú nínú nǹkan yìí. Yọ gbogbo wọn. Mi ò fẹ́ rí wọn mọ́."

"Ó dáa, sà."

Ó fi àmì sí mẹ́fà. Ìkeje ni Adéṣẹ́gun, àbúrò rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá. Omi lé sí i lójú. Kò fẹ́ kí orúkọ yẹn tún yọ sí òun láé, ló bá pa á rẹ́ ráúráú.

Lẹ́yìn náà ló rí i pé èèyàn méjì ló dín, kì í ṣe ọ̀kan. Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ kan ṣoṣo tí Adéṣẹ́gun bí, wà lábẹ́ orúkọ baba rẹ̀, ó sì ti bá a lọ. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Wọn ò gbé Regina, ìyá ọmọ náà, níyàwó. Bàbá Àbúdù, olórí ẹbí tó kú lóṣù tó kọjá, ló fi ẹnu ara rẹ̀ gba ọmọ náà, tó ní kí Rekiat kọ ọ́ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí Rekiat mọ̀.

Ó pe Godstime, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a tọ́jú ẹ̀dà áàpù náà.

"Sister Reki, the one wey dey my hand na before Ramadan o. You don put the pikin that time?"

"Rárá. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ la kọ ọ́."

"Ah. E don go be that."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó lè tún orúkọ náà kọ, àmọ́ déètì òní ni áàpù máa kọ sí i, Bàbá Àbúdù sì ti wà ní sàréè. Wọ́n á ní ó ṣe ayédèrú fún ọmọ àbúrò rẹ̀. Títí wọ́n fi kírun Jímọ̀ tán, kò lè fi nǹkan kan sẹ́nu.

Ní ìpàdé, Àlhájì Kọ̀yà ń ka orúkọ láti ojú fóònù. "Ìdí-igi Mujeedat: Bàrákátù, Rekiat. Ó tán."

Regina wà lẹ́nu ọ̀nà, ó pọn ọmọ. Rekiat ló ń wò.

Bí Rekiat bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, bó sì ṣe rọrùn tó yẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ó ku ẹnì kan. Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ Adéṣẹ́gun. Bàbá Àbúdù ní kí n kọ ọ́, mo sì kọ ọ́. Èmi ni mo pa á rẹ́ láàárọ̀ yìí."

Àlhájì Kọ̀yà gbé fóònù sílẹ̀.

"Ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ lo pa á rẹ́," Àlhájì Kọ̀yà ní. "Ta ló wá máa jẹ́rìí sí i?"

Rekiat bojú wo Regina àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Bàrákátù, ẹ̀gbọ́n bàbá Rekiat, ìyá arúgbó tí ìpín tirẹ̀ ì bá pọ̀ sí i bí ọmọ náà ò bá sí, wúkọ́. "Èmi ni. Mo wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Àbúdù sọ ọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá dákẹ́ nígbà tí mo ń ka orúkọ?"

Ìyá náà ò wo Àlhájì. Rekiat ló tẹjú mọ́.

"Mo ń retí kí ẹni tó pa á rẹ́ sọ̀rọ̀ ni."