Ìpè Tí Ìbítóyè Kò Jẹ́

Bí èèyàn bá ń ti Agọ́ṣásá lọ sí ilẹ̀ Faransé, tí kò gba títì, tó bá gba ọ̀nà oko, yóò kan abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ọ̀sàn. Ẹ̀yìn abúlé náà ni odò Ìgbín wà. Ẹni tó bá sọdá odò yìí ti kúrò ní Nàìjíríà nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí yóò sọ fún un. Iṣu kan náà ni wọ́n ń gbìn lọ́tùn-ún lósì, oríkì kan náà ni wọ́n fi ń ki ọmọ wọn. Ìdílé Ìbítóyè ló ń tẹ́ afárá odò náà láti ayé bàbá bàbá rẹ̀. Igi ọ̀pẹ méjì ni wọ́n ń gbé dábùú omi, wọn á fi okùn so wọ́n mọ́ èèkàn létí méjèèjì. Bí òjò bá ti jẹ èyí tó wà níbẹ̀, Ìbítóyè á tún gé òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Ohun tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé etí odò Ìgbín kó tún padà sẹ́yìn.

Orí afárá yìí ni Lábísí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, gbà lọ sílé ọkọ lódìkejì, ibẹ̀ náà ló sì ń gbà wá kí ìyá wọn. Ìbítóyè ní tirẹ̀ kì í ṣe akin, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó mọ iṣẹ́ oko, kò lérò ibi sí ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹ̀rù tètè máa ń bà á. Bí eku bá sáré kọjá lórí àjà, yóò ti dìde jókòó. Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ogun bá dé, ọkọ òun ni wọn yóò kọ́kọ́ bá níbi tí wọ́n bá ń sá lọ.

Ọdún tí ìjọba ti bọ́dà pa ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní nítorí ìrẹsì àti ìbọn ni. Ti ìrẹsì là ń fojú rí ní tiwa. Sójà àti kọ́sítọ́ọ̀mù dí títì, gbogbo ohun tó ń gba títì tẹ́lẹ̀ bá bọ́ sínú igbó, àhesọ náà bá wọn bọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn agbésùnmọ̀mí tí ogun lé lókè Ọya ti yí gba ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń wá ọ̀nà oko tí wọn yóò gbà wọlé. Ohùn ọkùnrin kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ ń lọ káàkiri lórí Wásáàpù. Ó ní àwọn èèyàn náà máa ń rán ẹnì kan ṣáájú, nígbà mìíràn obìnrin, tí yóò dúró sínú igbó, tí yóò máa ké pe orúkọ ará abúlé bí ẹni tó wà nínú ìṣòro. Ó ní wọ́n ń fara wé ohùn ẹni tí èèyàn mọ̀, àti pé ẹni tó bá dáhùn ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Títí di òní, kò sí agbésùnmọ̀mí kankan tó gba Ìdí-Ọ̀sàn kọjá. Ṣùgbọ́n Ìbítóyè gbọ́ ohùn náà, ó tún un gbọ́, títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí.

Nígbà tó yá, wọ́n pe àwọn abúlé sí ìpàdé ètò ààbò ní Ìpòkíá. Ìbítóyè bá Mùnírù, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ abúlé, lọ síbẹ̀. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù nínú ooru sọ̀rọ̀ títí, ó ní orílẹ̀-èdè wa ti gbára dì, pé kò sí ihò tí ọ̀tá lè gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún abúlé kọ̀ọ̀kan ní fèrè kan, irú èyí tí rẹfirí ń fọn lórí pápá, àti nọ́ńbà fóònù kan tí wọn yóò pè bí wọ́n bá fura sí ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lórí ọ̀kadà, Mùnírù dán nọ́ńbà náà wò, obìnrin inú fóònù sì fèsì pé ẹni tí wọ́n ń pè kò sí lórí ìlà. Ìgbáradì orílẹ̀-èdè nìyẹn, fèrè kan fún odidi abúlé. Bí wọ́n ti délé, tí wọ́n ń wo ara wọn lójú, Ìbítóyè ló dábàá pé kí wọ́n ká afárá kúrò.

Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Mùnírù tiẹ̀ bi í pé àwọn tó ní èèyàn lódìkejì ńkọ́, Ìbítóyè ní kí wọ́n máa gba ẹnu ibodè Ìdí-Ìrókò lórí títì. Òun fúnra rẹ̀ ló tú okùn, òun náà ló yí igi méjèèjì sómi. Òjò ọdún yẹn pọ̀, odò Ìgbín ti kún débi pé ẹsẹ̀ kò lè là á kọjá, omi sì gbé igi lọ. Àwọn ará abúlé yìn ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni pè é ní akin, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.

Àmọ́ ohun kan wà tí kò sọ fún wọn. Kí wọ́n tó lọ sí ìpàdé náà ló ti ránṣẹ́ sí Lábísí pé kó máa bọ̀. Ara ìyá wọn kò yá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, mímí ń nira fún un, dókítà tó rí i ní Ìlaròó sì ti ní kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ìyá náà tàárọ̀ tọ̀sán, pé ṣé Lábísí ti dé. Ìbítóyè fẹ́ tún ránṣẹ́ pé kí ẹ̀gbọ́n òun má gba ọ̀nà odò mọ́, ṣùgbọ́n orí afárá yẹn náà ni ẹni tí ì bá rán ń gbà, fóònù Lábísí kì í sì í sábà wọlé. Ó ní tó bá dọ̀la. Ọ̀la dọ̀tunla. Ó ń tan ara rẹ̀ jẹ pé ọlọgbọ́n ni Lábísí, yóò mọ ọ̀nà tó máa gbà.

Ọ̀sán gangan ni. Rẹ̀mílẹ́kún ti lọ sọ́jà, àwọn aládùúgbò wà lóko. Ilé Ìbítóyè ló kẹ́yìn abúlé, òun ló sún mọ́ odò jù. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ mímu sí i lẹ́nu, nígbà tí ohùn kan dún láti ìhà odò pé, "Àlàó o."

Oríkì rẹ̀ ni. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ gbogbo ọmọ Ìdí-Ọ̀sàn pé bí wọ́n bá pe èèyàn lọ́sàn-án gangan, tí kò rí ẹni tó pè é, kó má jẹ́ ìpè náà, nítorí àwọn tí a kì í fojú lásán rí ló ń rìn lásìkò yẹn. Èèwọ̀ àtijọ́ yẹn àti ohùn orí Wásáàpù wá dì mọ́ ara wọn nínú rẹ̀. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn náà tún pè, ó fà á gùn, bí wọ́n ṣe máa ń pe ẹni tó wà lókèèrè.

Ìyá rẹ̀ lajú. "Lábísí nìyẹn," ó ní. "Dìde, lọ pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ìbítóyè mọ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò mọ̀ ọ́n. Bó ṣe mọ̀ ọ́n yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù, torí ohun tí ọkùnrin inú fóònù sọ nìyẹn, pé wọn yóò fara wé ẹni tó mọ̀. Nísàlẹ̀ ẹ̀rù yẹn, nǹkan mìíràn tún wà tí ojú ń tì í láti wò. Bó bá jẹ́ Lábísí ni lóòótọ́, kí ni yóò dúró létí omi yẹn sọ fún un, níbi tí kò ti sí afárá mọ́?

"Kò sẹ́ni tó pè, Màmá," ó ní. "Ẹ mu ẹ̀kọ yín."

Ìyá náà wò ó. Ó yí ojú sí ògiri, kò sì mu ẹ̀kọ náà mọ́. Ìbítóyè dìde, ó ti fèrèsé tó kọjú sí odò. Ohùn náà ń pè fún ìgbà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Lábísí yí gba Ìdí-Ìrókò. Àwọn tó wà lẹ́nu ibodè dá a padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n tún dá a padà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó fi máa rí ọ̀nà gbà, tó fi máa wọ Ìdí-Ọ̀sàn, wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ sẹ́yìn ilé, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì rọ̀.

Ìbítóyè ti múra pé Lábísí yóò bú òun. Kò bú u. Ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn tó wá kí wọn, ó ń ròyìn bó ṣe dé etí odò tí kò bá afárá, bó ṣe pe Àlàó títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn èèyàn ń mi orí. Rẹ̀mílẹ́kún ní bóyá ọkọ òun wà lóko lọ́jọ́ náà. Lábísí gbà pẹ̀lú rẹ̀, ó ní ká ní ó gbọ́ ni, ì bá jáde wá, òun mọ àbúrò òun. Ìbítóyè wolẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ tutù síbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ rere tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ nípa rẹ̀ sì ń ta á bí ata lójú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ afárá ló ń pa Lábísí lẹ́kún. Ohun tó ń sọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kó dákẹ́ ni pé, Màmá kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun kò wá, pé òun gbọ́ àìsàn rẹ̀ tán, òun jókòó sílé ọkọ. Kò sí ìtùnú tí àwọn èèyàn mú wá tó wọlé sí i lára. Èyí tí ì bá wọlé wà lẹ́nu Ìbítóyè, òun nìkan ló sì ní in láyé. Kò lè sọ ọ́ kó má tú àṣírí ara rẹ̀. Ó gbé e mì ní ọjọ́ kan, ó tún gbé e mì ní ọjọ́ kejì, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń rù, ó sì ń kórìíra ara rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Lábísí fẹ́ padà, ó di ẹrù rẹ̀ tán, ó lọ dúró sẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n sin ìyá wọn sí. Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní kí Màmá dárí ji òun, pé òun ò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìbítóyè dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò lè fara da á mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, Màmá mọ̀ pé ẹ wá," ó ní. "Wọ́n gbọ́ ohùn yín. Wọ́n ní, Lábísí nìyẹn."

Lábísí yíjú padà. Ìdùnnú bò ó lójú, irú èyí tí kò tíì sí lójú rẹ̀ látìgbà tó ti dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìbítóyè pàápàá. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

"Àlàó," ó ní, "ta ló wà lọ́dọ̀ Màmá nígbà yẹn?"

Rẹ̀mílẹ́kún, tó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, dá ọwọ́ dúró. Ìbítóyè kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ rírọ̀ náà.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó pè."