Gáùn Wúlù Tí Ìyá Mi Máa Ń Tú

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde, aṣọ kan wà tí mo fi ń yangàn: gáùn wúlù aláwọ̀ ewé tí ìyá mi fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun fún mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí ọyẹ́ ṣe ń mú nígbà yẹn. Ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun, gbogbo ọmọ ilé á yí ààrò ká, wọn á máa fẹ́ atẹ́gùn sí ògì gbígbóná. Wọ́n ń gbọ̀n, èmi ń yan nínú gáùn mi. Ìyá àgbà á ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ṣùgbọ́n ìyá mi ní àṣà kan. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, aṣọ wúlù tó bá ti kéré mọ́ ọmọ, títú ló ń tú u. Á fọ òwú rẹ̀, á sá a, á fi hun òmíràn. Lọ́dún kan, gáùn mi ti gòkè kọjá orúnkún, ìyá mi sì lóyún àbúrò mi. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Mo kọ̀, n ò bọ́ ọ. Mo wọ̀ ọ́ sábẹ́ yunifọ́ọ̀mù, mo wọ̀ ọ́ lọ sílé kéwú, mo wọ̀ ọ́ sùn. Ooru ń mú, òógùn ń ṣàn, mò ń họra bí ọ̀bọ. Ìyá mi ò nà mí, ó kàn ń wò mí. Nígbà tí ara yún mi dé góńgó, èmi fúnra mi bọ́ ọ fún un, mo bú sẹ́kún. Ó fà mí mọ́ra, ó fi orí òwú náà sí mi lọ́wọ́.

"Ìwọ ni kó o máa ká a. Bó o bá ká a dáadáa, kò ní sọnù."

Bó ṣe ń tú u ni mò ń ká a. Òwú náà di fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ àbúrò mi. Nígbà tí mo bímọ, ìyá mi tún wọn tú, ó fi hun gáùn kékeré fún ọmọ mi obìnrin.

Lónìí, orí fóònù ni àwọn ọmọ wa ti ń ra gáùn wúlù àtijọ́. Ọmọ mi ra ọ̀kan, ó ní ìgbà tí ọyẹ́ ń lọ ló bá mu. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ a ò mọ ẹni tó hun ún. Gáùn kékeré tí ìyá mi hun yẹn ṣì wà nínú àpótí mi. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, mo máa ń sá a, mo sì máa ń dá a padà. Ìyá mi ti lọ. Kíká òwú nìkan ni mo kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n ò kọ́ híhun, nítorí náà n ò jẹ́ tú u.