Alàgbà Adégbọlá Kì í Gba Iye Àkọ́kọ́

Lórí kíbọ́ọ̀dù Alàgbà Adégbọlá, lẹ́tà N ti pa rẹ́. Àpá funfun tín-ín-rín kan ló ṣẹ́ kù lápá òsì rẹ̀. Lẹ́tà Y ń dán bí ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ nínú páálí. N ni ẹ̀rọ fi ń gbọ́ “rárá”; Y ló fi ń gbọ́ “bẹ́ẹ̀ ni”.

Gbogbo Àgbowó, n'Íbàdàn, ló mọ ìtàn kíbọ́ọ̀dù náà. Lọ́dún 1996, nínú ṣọ́ọ̀bù tí olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì yìí ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé, àwọn àti Ṣọlápé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, máa ń gbá géèmù mánẹ́jà bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án, kálukú pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Alàgbà ní kí ẹ̀rọ gba adẹ́yìnmú arúgbó mẹ́ta, kó fún wọn ní ọ̀dọ́ àtamátàsé kan. Ẹ̀rọ gbà lójú ẹsẹ̀.

Alàgbà yọ awò ojú wọn. “Ó gbà? Kò tilẹ̀ janpata?”

“Ẹ ti rí i rà nìyẹn, sà.”

“Ta ló ń gba iye àkọ́kọ́? Orúnkún ọmọ yẹn á ti bàjẹ́.” Wọ́n tẹ N.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ náà jẹ góòlù mẹ́rin lára ẹgbẹ́ wọn. “O ò rí i bó ṣe ń tiro?” ni Alàgbà wí. Kìkì ọ̀rọ̀ ni géèmù náà sì ń kọ jáde. Kò sí ẹsẹ̀ kankan lójú ẹ̀rọ.

Láti ọjọ́ náà ni Alàgbà ti ní kí àwọn méjèèjì máa ná ara wọn lọ́jà nínú géèmù. Ẹni tó fẹ́ ra ẹlẹ́sẹ̀ ayò yóò dárúkọ ohun tí yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́jà yóò kọ̀. Oníbàárà yóò dìde lọ. Ọlọ́jà yóò pè é padà. Ìgbà náà ni wọn yóò tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù.

Ṣọlápé ń wá Ìjì, àtamátàsé Alàgbà. Láìsí i, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò já sí ìpele kejì.

“Adẹ́yìnmú méjì àti aṣọ́lé kan, sà.”

“Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́, lo fẹ́ fi àpáàdì pààrọ̀?”

Ṣọlápé dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò gbọ́ ìpè. Ó ń rìn lọ títí ó fi dé Ojòó. Nígbà tó padà lọ́jọ́ kejì, inú Alàgbà ò dùn.

“O ò bojú wẹ̀yìn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pe ẹni tí kò bojú wẹ̀yìn?”

Màmá Àpínkẹ́, ìyàwó wọn, rẹ́rìn-ín. “Fara balẹ̀, ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe fẹ́ mi náà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dìde lọ mọ́ wọn lójú lọ́jà Dùgbẹ̀ kí wọ́n tó pè mí padà.”

Ìdúnàádúrà náà wọ oṣù kejì. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Alàgbà sùn lọ́sàn-án, wọn kò jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá fún Ṣọlápé ní ìwé kékeré tí Alàgbà ń kọ gbogbo ìpààrọ̀ tó mú wá sí. “Rárá” ló wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Rárá, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ń gbìyànjú.” “Rárá. Aṣọ́lé yìí dára.”

Ní ìsàlẹ̀ èyí tó kẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ pé: “Ó ti tó láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Bí mo bá gbà, kí ni yóò tún máa mú un wá? Àmọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ já. Lọ́jọ́ Sátidé, bó bá bojú wẹ̀yìn, bí kò bojú wẹ̀yìn, màá pè é padà, màá sì tẹ Y.”