Ẹ̀kọ́ Ilé Tó Kó Abdulqudus sí Wàhálà

Ẹ má fi Sìmíátù ṣeré o. Nọ́ọ̀sì ni, ilé gíga kan náà la jọ ń gbé ní àdúgbò Edgewater, lókè òkun níbí, ó sì lè bú èèyàn láàárọ̀ kó tún gbé ọbẹ̀ wá fún un nírọ̀lẹ́. Ohun tó fi ń yangàn jù ni pé ọmọ òun ò ya ìyàkuyà. Bí àgbà bá ń bá Abdulqudus sọ̀rọ̀, á káwọ́ sẹ́yìn, á wolẹ̀, á wá máa dáhùn jẹ́jẹ́. Èmi Adéòkè máa ń fi ṣàpẹẹrẹ fún àwọn tèmi.

Ìwà dáadáa yẹn náà ló kó o sí wàhálà. Ọlọ́pàá kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé, ó ń bi í ní ìbéèrè. Ọmọ rí i pé orí bàbá náà ti hewú, ló bá káwọ́ sẹ́yìn, ó wolẹ̀. Ọlọ́pàá ní kí ló ń fi pa mọ́, kó fọwọ́ hàn. Ẹ̀rù bà á, ó tún wá káwọ́ mọ́ ẹ̀yìn pinpin. Ni wọ́n bá dà á dojú bolẹ̀, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án pé ó kọ̀ sí àṣẹ lẹ́nu. Bí ìgbìmọ̀ iléèwé bá dá a lẹ́bi, wọ́n á lé e, ọmọ tó kù díẹ̀ kó gboyè.

Nígbà tí ìdìbò ààrẹ ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ dúdú àti funfun, àti ìbò. Wọ́n pe ọ̀gá ọlọ́pàá iléèwé, Ọ̀gbẹ́ni Marvin, aláwọ̀ dúdú, ọmọ South Side, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú nílùú wa níbí. Abdulqudus ní òun máa sọ̀rọ̀. Sìmíátù bẹ̀ ẹ́ títí pé kó panu mọ́, kí wọ́n má baà fi kún ẹjọ́ rẹ̀. Ọmọ kọ̀. Ni Sìmíátù bá fà mí dání, a wọ tíréènì lọ síbẹ̀.

Ká sòótọ́, ariwo wọn sú mi. Àwọn kan ní bí ẹni tiwọn bá wọlé, ọlọ́pàá á yí padà. Àwọn kan ní irọ́ ni. Ọmọkùnrin funfun kan wá ń ṣàlàyé fún ọmọ dúdú bó ṣe máa ń dun ọmọ dúdú tó. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, Sìmíátù tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ó kan Abdulqudus. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni inú ń bí i, ó sì na ìka sí Ọ̀gbẹ́ni Marvin. Ìka, sí àgbàlagbà! Sìmíátù dìde, ó lọ síwájú tààrà, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó wolẹ̀, ó ń fi Yorùbá bẹ̀bẹ̀ pé ọmọdé ló ń ṣe é. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó fi ń tọ́jú aláìsàn ti sá lọ. Gbọ̀ngàn dàrú. Obìnrin dúdú kúnlẹ̀ fún ọlọ́pàá, ní ìpàdé yẹn kẹ̀! Ojú tì mí débi pé ó kù díẹ̀ kí n wọ abẹ́ àga.

Abdulqudus sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra sọ pé, "Màmá mi nìyí. Ẹ wo ọwọ́ wọn. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn nìyẹn."

Ọ̀gbẹ́ni Marvin wo ọwọ́ náà pẹ́, ó wá sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó fa Sìmíátù dìde. Ó ní òun fúnra òun máa lọ síwájú ìgbìmọ̀, òun á sì sọ ohun tí òun rí.

Ó sì lọ lóòótọ́. Kí wọ́n tó dìbò, wọ́n ti fagi lé ẹ̀sùn náà. Ilé ìdáná Sìmíátù la wà nígbà tí ọmọ pè. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣe alhamdulillahi. Ara tù mí débi tí èmi Kìrìsìtẹ́nì náà fi ń bá a ṣe é.

Nígbà tí Abdulqudus wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Nínú ilé yìí, máa ṣe bí mo ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n níta, gbé ọwọ́ rẹ síbi tí wọ́n á ti máa rí i."

Ọmọ náà wò ó lójú kòròkòrò. "Ẹ̀yin náà, Mọ́mì."

Mo ń retí kí Sìmíátù bá a wí. Ńṣe ló fà á mọ́ra.