Ìbéèrè Tí Bàbá Mi Fi Ti Wúrà Mọ́lé

Òórùn kòkó tó ń gbẹ lórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti dé Ìpáò. Ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni títí a ó fi padà sí ìgboro. Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, òórùn mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ ọn, òórùn ìpara gbígbóná tí a fi ń ra ìbàdí ìyá mi. Ìyá mi yọ̀ ṣubú lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí omi ọṣẹ dà sí, egungun ìgbáròkó rẹ̀ sì kán. Àwọn dókítà ní Ìdó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní egungun àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ kò ní í so mọ́ra fúnra rẹ̀, àfi kí wọ́n yọ èyí tó kán, kí wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Bí a kò bá tètè ṣe é, orí ibùsùn ni yóò máa wà títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. A gbé e padà wálé kí a lè lọ wá owó tí a ó fi ṣe é.

Àyà mi kò já lọ́jọ́ náà, nítorí mo mọ̀ pé bàbá mi fi wúrà sílẹ̀ kó tó kú. Ẹ má rò pé ọlọ́rọ̀ ni bàbá mi o. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ń dá oko kòkó. Báńkì kan ti kó owó rẹ̀ wọlẹ̀ rí, láti ìgbà náà ni kò ti fọkàn tán ibikíbi tí wọ́n ti ń kó bébà pamọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ka ìwé, tó wà lókè òkun, ló júwe ilé iṣẹ́ kan fún un lọ́hùn-ún, àwọn tí wọ́n ń ta wúrà, tí wọ́n sì ń bá èèyàn tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá irin tiwọn. Bí kòkó bá ti tà dáadáa, yóò ra ẹyọ kan, wúrà pẹlẹbẹ tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára. Kò fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn rí. Àwòrán ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, yóò sì na fóònù náà síwájú ìyá mi bí ẹni ń fi ọmọ ọmọ hàn. "Wúrà kì í jẹrà," ni yóò wí. Orúkọ òun àti ìyá mi ló fi sí i, kí àwọn ẹbí má bàa rí i pín bí òun bá kú, nítorí ó mọ àwọn àbúrò rẹ̀ dáadáa.

Ohun kan wà tí a fi máa ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Bí bàbá mi bá fẹ́ pe àwọn oníwúrà wọ̀nyí, kì í pè wọ́n láti inú ilé. Iwájú ilé ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dára jù ní àdúgbò wa, ọmọdé mọ̀, àgbà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni tirẹ̀. Yóò lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò, yóò kọ ẹ̀yìn sí ilé, yóò sì máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá mi á ní, "Ẹ wo bàbá yín, ó tún ti lọ bá ìyàwó òyìnbó rẹ̀ sọ̀rọ̀." Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín bó bá wọlé, á ní ọ̀rọ̀ wúrà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pariwo.

Èmi ni mo wá pè wọ́n nígbà tí ọ̀ràn ìgbáròkó yìí délẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ẹni tó ni wúrà, nítorí náà mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá mi, mo sì jẹ́ kí fóònù náà máa sọ̀rọ̀ síta kí òun àti àwọn oníwúrà lè gbọ́ ara wọn. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dá wa lóhùn, ó ní ká tẹ èyí, ká tẹ tọ̀hún, lẹ́yìn náà ni dùùrù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó dún títí ìyá mi fi bi mí bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni mo pè. Nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan wá gbé e, ìyá mi gbàgbé ìrora rẹ̀, ó kí i bí ẹni kí ọmọ ilé. "Kú uṣẹ́ o, ọmọ mi. Ulé ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le?" Ọmọ náà ní ṣé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó gbọ́ èdè òun. Mo túmọ̀ ohun tí ìyá mi sọ fún un. Ó dúpẹ́, kò sì sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe wà.

Ohùn rẹ̀ dùn, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó bá wa kẹ́dùn lórí ọ̀rọ̀ bàbá mi, ó bá wa kẹ́dùn lórí ọ̀rọ̀ ìgbáròkó, ọ̀kan náà ni bó ṣe sọ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó ní kí òun tó lè sọ ohunkóhun nípa wúrà, ìbéèrè kan wà tí bàbá mi fúnra rẹ̀ yàn nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀, tó sì fi ìdáhùn rẹ̀ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pè ni àwọn ń bi í. Ìbéèrè náà ni pé, kí ni orúkọ àkọ́bí yín?

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Èmi náà nìyí." Mo pe orúkọ mi fún un. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í ní orúkọ kan ṣoṣo, nítorí náà mo fún un ní orúkọ ìrìbọmi mi. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pe èyí tí ìyá bàbá mi sọ mí, mo tún wá pe oríkì tí bàbá mi fi ń jí mi láàárọ̀, pẹ̀lú ìdánilójú pé òun ni. Ọmọ náà ní ó mà ṣe o, òun kò gbọdọ̀ gba ìdáhùn mìíràn mọ́, wọ́n ti ti gbogbo rẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀ kí olè má bàa wọlé. Ó wá fi ohùn dídùn yẹn béèrè bóyá ohun mìíràn wà tí òun lè bá wa ṣe. Mo ní, "Àkọ́kọ́ wo lo bá wa ṣe?" Nígbà tí mo fi máa yíjú, ìyá mi ti kọjú sí ògiri. Mo rò pé ìrora ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú winá àwọn èèyàn yìí. Ẹni tó bá gbé e lónìí kọ́ ni yóò gbé e lọ́la, gbogbo wọn ni mo sì gbọ́dọ̀ ro ẹjọ́ náà fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi ìwé ikú bàbá mi ránṣẹ́, mo fi ti ìgbéyàwó ránṣẹ́, mo fi àwòrán ìyá mi lórí ibùsùn ránṣẹ́. Wọ́n ní wọ́n rí i, wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí a kò bá lè dáhùn ìbéèrè, àfi kí ẹni tó ni wúrà wá fúnra rẹ̀ sí ọ́fíìsì àwọn lọ́hùn-ún pẹ̀lú ìwé ìrìnnà. Obìnrin tí kò lè yí ara padà láìjẹ́ pé a dì í mú ni kó wọ ọkọ̀ òfurufú o! Egbò ti ń yọ lẹ́yìn ìyá mi. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ti ń kéré sí èkejì. Dókítà tún ránṣẹ́ láti Ìdó pé kí a má jẹ́ kó pẹ́ jù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìyá mi pè mí sínú yàrá. Ó ní kí n ti fèrèsé. "Pè wọ́n," ó wí. Mo ní kí la fẹ́ sọ fún wọn tí a kò tíì sọ. Ó wo òkè àjà. "Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí."

Ọ̀rẹ́ mi, ẹni àádọ́ta ọdún ni mí lọ́jọ́ náà, mo ti fi ipò àkọ́bí jẹ ẹran tó pọ̀ jù nínú ilé yẹn, mo sì ti fi bá àwọn àbúrò mi wí kánrin. Ìyá mi wá sọ fún mi pé ọmọkùnrin kan ti wà ṣáájú mi, nígbà tí bàbá mi ń ṣe tíṣà ní Òkè-Àkó. Ó ti ń rìn. Ó ti mọ ohùn kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ bó bá ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, á sì sáré jáde lọ pàdé rẹ̀. Ibà ló mú un lọ. Ìyá bàbá mi ló ní wọn kò gbọdọ̀ pe orúkọ ọmọ náà mọ́, kí àwọn tó ń bọ̀ lè jókòó. Onígbàgbọ́ ni bàbá mi, òun ló ń ka Bíbélì fún wa láàárọ̀, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n bí mi, ìyá mi ń wẹ̀ mí lọ́jọ́ kan, orúkọ yẹn sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi pariwo mọ́ ọn láti ìta. "N kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ mọ́ nínú ulé yìí!" Kò sì gbọ́ ọ mọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Wọ́n ti sọ ọ́ fún ìyá mi títí ó fi sú u.

Mo pè wọ́n. Dùùrù dún, ọ̀dọ́mọbìnrin kan gbé e, ó bi wá ní ìbéèrè náà. Ìyá mi kò jẹ́ kí n bá òun sọ ọ́. Ó gba fóònù náà, ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó sì pe orúkọ ọmọ rẹ̀. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní òun kò gbọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un pè. Ìyá mi tún un pè. Ó ní kí wọ́n gbóhùn sókè díẹ̀. Ìyá mi fi ọwọ́ di etí ibùsùn mú, ó sì pe orúkọ náà bí ẹni ń ké sí ọmọ tó ti rìn jìnnà jù, títí àwọn tó ń yí kòkó níta fi dákẹ́. "Ẹ ṣeun, màmá," ni ọmọ náà wí. Ó ní orúkọ tó rẹwà ni. Ó wá fi kún un, bóyá kó lè mú inú wa dùn, pé bàbá kò ṣi ìdáhùn yẹn rí ní gbogbo ọdún tó fi ń pe àwọn, pé bí àwọn bá ti béèrè báyìí ló ti ń dáhùn. Lẹ́yìn tó parí ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kan ní kí n tẹ iye máàkì tí mo fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún wa, láti orí ení dé orí àrún. Mo tẹ àrún. Ọmọ náà kò ṣẹ̀ wá, ìbínú mi kò kàn mọ ibi tí yóò jókòó sí ni.

Ìyá mi ní kí ni obìnrin yẹn sọ kẹ́yìn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, mo rò pé ìtùnú ni.

"Ó ń pè é?" ó wí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Mo rò pé ó ti gbàgbé ọmọ náà ni. Mo ti dárí ìyẹn jì í. Àṣé ó ń pè é fún àlejò. Èmi tí mo bí i, ó ní kí n pa ẹnu mọ́." Kò sunkún. Ì bá sunkún, ì bá sàn fún mi.

Wọ́n bá wa ta wúrà náà láìfi falẹ̀, iṣẹ́ abẹ ní Ìdó sì yọrí sí rere. Wúrà bàbá mi di irin nínú ìgbáròkó ìyá mi, ó sì fi ń rìn. Ó ń lọ sí ọjà, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti bá wọn ṣe ìsìnkú dé Òkè-Àkó. Ṣùgbọ́n iwájú ilé ni a sin bàbá mi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìmẹ́ńtì tí a ń sá kòkó sí, ìyá mi kò sì gba iwájú ilé jáde mọ́. Nígbà tí a ṣe ìdúpẹ́ ìrántí, tí gbogbo ẹbí dúró yí sàréè ká, ó ní ẹsẹ̀ òun kò tíì gbà á. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ohun tí wúrà yẹn kọ́ mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ wúrà rárá. Èèyàn méjì lè jọ sun orí ibùsùn kan títí irun wọn á fi funfun, kí oníkálukú máa dá ọ̀fọ̀ kan náà ṣe, kí ọ̀kan rí ẹni tó ń bi í, kí èkejì má rí. Mo máa ń bínú sí bàbá mi, àánú rẹ̀ a sì tún ṣe mí, nítorí ó jọ pé kò síbòmíràn tó ti lè pe ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo wá ìyá mi títí n kò rí i, mo sì gba ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò mú fóònù kankan dání.