Ìgbálẹ̀ Màmá àti Pápá Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí fìlà fún ọkùnrin tó lè gbé pápá bọ́ọ̀lù wọ ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Àwọn ọba àtijọ́ mọ odi, wọ́n kọ́ ààfin, wọ́n ṣẹ́gun ìlú, síbẹ̀ kò sí èyí tó rò ó rí pé ó yẹ kí koríko òun tutù yọ̀yọ̀ nínú ọyẹ́ láìmu omi kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ta táyà ní ọjà Assiyéyé, ló rò ó. Orúnkún ti ń dùn ún láti bí ọdún mélòó kan. Bọ́ọ̀lù tó gbá kẹ́yìn, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti gbá a. Ìyẹn ò dí ògo lọ́wọ́. Ó rí irú pápá bẹ́ẹ̀, tí koríko rẹ̀ jẹ́ oníke, nílé oníbàárà rẹ̀ kan, ó padà délé, oúnjẹ ò sì lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́.

Yanrìn ni ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Adidogomé tẹ́lẹ̀. Ìyá wa tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ni ibẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé ilẹ̀ o, ìgbálẹ̀ rẹ̀ ló fi gbà á. Bí Màmá bá ti kírun àsùbáà tán, á tẹ̀ba, á gbá yanrìn náà láti ìdí ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ojú ìgbálẹ̀ á sì hàn níbẹ̀ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ẹni tó bá gba orí rẹ̀ kọjá, Màmá á mọ̀ ọ́n.

"Ìwọ lo gba ẹ̀yìn wọlé," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan láìwo ojú mi. "Lọ ra bàtà míì. Gìgísẹ̀ tòsì ti jẹ tán."

Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, a ò sì gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀ pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Ọ̀gá tó wá tẹ́ pápá náà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kó yanrìn yẹn dànù. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ kì í mọ́lẹ̀ títí abọ́ fi ń gbọ̀n nílé ìdáná. Wọ́n tú koríko oníke náà ká bí ẹní, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n gé etí tó ṣẹ́ kù, wọ́n ri òpó góòlù kéékèèké méjì. Níkẹyìn, wọ́n gbé àpò yanrìn dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sórí koríko tuntun.

Màmá dìde lórí àpótí rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, yanrìn tí ẹ kó dànù lọ́jọ́sí ńkọ́?"

"Ìyẹn yàtọ̀, Màmá," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Èyí, a rà á ni."

"Ẹ kó tọ̀fẹ́ dànù, ẹ wá ra òmíràn dà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá náà fi Faransé ṣàlàyé fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi pé yanrìn yẹn ló ń wọ àárín koríko, òun ló ń mú un dúró, òun ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà ká. A mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni nínú wa tó túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá.

Ilẹ̀ mọ́, Màmá kírun, ó rí yanrìn lórí nǹkan títẹ́. Kí ni obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé ń ṣe sí irú yẹn? Ó gbá a. Lójoojúmọ́ ló ń gbá a, ó ń kó o fún àwọn bíríkìlà tó ń mọ ògiri nílé kejì, àwọn yẹn sì ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí i lórí ògiri.

Ní ọjọ́ Sunday kejì ni wọ́n ṣí pápá. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wọ jẹ́sì dé, ikùn kálukú ṣáájú rẹ̀ wọ pápá. Ẹ̀gbọ́n mi ló gba nọ́ńbà mẹ́wàá. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló sáré lé. Koríko ká jọ níwájú rẹ̀ bí ẹní tí ewúrẹ́ fà, ó sì dojú bolẹ̀ níwájú oníbàárà rẹ̀ yẹn gan-an. Wọ́n pe ọ̀gá. Ọ̀gá kúnlẹ̀, ó ti ìka bọ àárín koríko.

"Yanrìn dà?"

Màmá fi ìgbéraga dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mo ti bá yín gbá a tán. Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko ló gbà mí!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Màmá! Láti òní lọ, mi ò fẹ́ rí ìgbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé yìí mọ́."

"Mo gbọ́," ni Màmá wí.

Wọ́n da yanrìn míì sí i. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn àsùbáà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Nígbà tí mo lọ kí i, àpò rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi ọ̀rá wé ìgbálẹ̀ rẹ̀.

"Mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ. Ìwọ ṣì ní ilẹ̀ tí èèyàn lè gbá, àbí?"

"Mo ní in, Màmá."

Láti ibẹ̀ dé ilé mi ní Attiégou, mo fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú takisí. Mo ní ó tẹ́ koríko tí ewúrẹ́ ò lè jẹ fún bọ́ọ̀lù tí òun fúnra rẹ̀ ò lè gbá. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé.

Lówùúrọ̀, mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ nínú àgbàlá mi. Ó dáwọ́ dúró lójijì. Mo jáde. Màmá tẹ̀ba síwájú ilẹ̀kùn mi, ìgbálẹ̀ rẹ̀ wà létí ègé koríko oníke kan tó tó ẹní ìkírun méjì. Lára etí tí wọ́n gé lọ́jọ́ yẹn ni. Mo ti bẹ ọ̀gá fún un, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo gbé àga sórí rẹ̀, mo sì ń ní kí àwọn àlejò bọ́ bàtà.

Màmá wò mí. "Èyí ńkọ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá ibẹ̀ yẹn. Mo da yanrìn sí i ni."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe, èmi náà ṣe é.