Ẹ̀bẹ̀ Àgbà Lórí Owó Tẹ́tẹ́

Lójú ọkọ mi, òun kì í ṣe atatẹ́tẹ́. Atatẹ́tẹ́ ni ẹni tó ń ta láìní ètò, òun sì ní ètò. Bó bá ti ń sọ ọ́, á gbé àyà sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ díákónì. Fìríìjì ló ń tún ṣe ní àdúgbò Djidjolé, èmi sì ń rán aṣọ àti rídò ojú fèrèsé nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, nítorí agbára wa ò tíì ká méjì. Òwú mi ń há sínú irinṣẹ́ rẹ̀, gíríìsì rẹ̀ ń ba aṣọ oníbàárà mi jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tọ́jú owó láti gba ṣọ́ọ̀bù tèmi ní àdúgbò Attiégou.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó kó ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún sẹ́fà lé mi lọ́wọ́. Ó ní owó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù fún odindi ọdún nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ bá owó oúnjẹ tàbí owó iṣẹ́ pàdé. Ó pín in sí ọ̀nà ogún. Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, kí n fún un ní ìpín kan péré, ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Tó bá jẹ, gbogbo owó á padà sọ́dọ̀ mi. Tí kò bá jẹ, ó di Sátidé tó ń bọ̀. Ohun tó kórìíra jù ni kí èèyàn pàdánù, kó wá fi ìlọ́po méjì lé e kó lè gba èyí tó lọ padà. Ó ní ibẹ̀ làwọn èèyàn ń kú sí.

"Tí mo bá bínú, má fún mi," ó ní. "Tí mo bá parọ́, má fún mi. Kódà tí mo bá sunkún."

Mo ní ẹkún yẹn ni mo ti ń retí látọjọ́ ìgbéyàwó wa. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Kò sí obìnrin tó kórìíra kí ọkọ wá tọrọ owó lọ́wọ́ òun. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi ìbínú wá, n kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí máṣínì. Owó náà ń dín kù o, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, kò dí wa lọ́wọ́ oorun. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi máa wọlé, ó ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì.

Sátidé kan lóṣù náà, ó wọlé ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, ó jókòó lórí fìríìjì oníbàárà kan, kò bèèrè ìpín rẹ̀. Mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

"Kí ló dé?"

"Mo ti ṣe ohun tí mo ní kéèyàn má ṣe."

Obìnrin kan tó ń ta ẹja dídì ti fún un ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gọ́rin láti ra ẹ̀rọ tuntun sí fìríìsà rẹ̀. Ọkọ mi fi márùn-ún nínú rẹ̀ ta, ó lọ. Ó fi mẹ́wàá lé e, ó lọ. Ogún, ó lọ. Ogójì, ìyẹn náà lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré ni! Mọ́ńdè ni obìnrin náà ń bọ̀ wá gbé fìríìsà rẹ̀. Ní báyìí, ọkọ mi fẹ́ fi ọgọ́rin lé e pé ẹgbẹ́ kan á borí nínú eré tó máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta. Tó bá jẹ, owó á di ìlọ́po méjì, gbogbo ohun tó lọ á padà. Ogójì tó kù nínú owó tẹ́tẹ́ ò tó. Ó fẹ́ kí n yọ ogójì sí i nínú owó Attiégou.

Mọ́ńdè yẹn kan náà ni mo gbọ́dọ̀ san kosiọ́ọ̀nù, owó ìdógò ṣọ́ọ̀bù náà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án. Onílé ti sọ fún mi pé ẹlòmíràn wà nílẹ̀, tó ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kó owó yẹn jọ.

"Mi ò ní í fún yín," mo ní. "Ẹ lọ bẹ oníṣòwò ẹja."

Ó bínú, lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí dọ́kàn, síbẹ̀ mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣínì. Ó dìde, ó jáde. Mo rò pé ó ti tán.

Kò pé ogójì ìṣẹ́jú tí ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi ló gbé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá láti Tokoin, bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó ń fi ọ̀pá rìn. Òun ló dúró gẹ́gẹ́ bí bàbá fún un nígbà tí wọ́n wá tọrọ mi. Mo kúnlẹ̀ kí i. Dípò kó jókòó, ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ó ní o ń bínú sí òun, o ò sì gbẹ̀bẹ̀. N kò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tó bá ní kí o ṣe fún òun, mo fi orí mi bẹ̀ ọ́, ṣe é."

"Bàbá, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀ mí fún."

"Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ ni?" Ó sì ti ń tẹ̀, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń ró.

Mo sáré dì í mú. Mo wo ọkọ mi. Kò lè wò mí. Mo fẹ́ là á mọ́lẹ̀ pé owó tẹ́tẹ́ ni o, Bàbá, owó oníbàárà ló jẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹbí á ti gbọ́, ojú ọkọ mi ò sì ní í lè gba ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ó mọ̀ pé n kò ní í tú àṣírí òun. Inú bí mi gan-an. Mo wọ ẹ̀yìn lọ, mo ka ọgọ́rin, mo jù ú sí i láyà.

Ó fi fóònù ta á níbẹ̀, lójú mi, ó sì jáde lọ wo bọ́ọ̀lù ní ilé ọtí òdìkejì. Mo gbé ìrẹsì fún Bàbá. Mo jókòó sídìí rídò kan, mo rán ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ òkè. A ń gbọ́ ariwo láti òdìkejì. Wọ́n gbá wọlé fún wa. Inú mi dùn, mo sì kórìíra ara mi. Wọ́n dá a padà. Ọ̀mì! Ọ̀mì ò sì wúlò fún wa. Ìyókù di ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Mo ti ń ṣètò ohun tí mo máa sọ fún onílé.

Nígbà tí eré fẹ́ parí, ariwo gba àdúgbò kan. Kí n tó mọ̀, mo ti dìde, mo ti fo sókè, mo ti pariwo débi pé ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Bàbá.

Mọ́ńdè, mo san kosiọ́ọ̀nù. Obìnrin ẹja gbé fìríìsà rẹ̀, ó ń tutù dáadáa. Ọkọ mi búra pé ó tán, kò sì fi ẹnu kan tẹ́tẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ń to òwú sínú àpótí tí mo fẹ́ kó lọ sí Attiégou. Mo yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nínú owó ìránṣọ mi, mo nà án sí i.

"Àwọn wo ló ń gbá lónìí?"

Ó wo owó náà, ó wo ojú mi. Ẹ̀rù tí n kò rí lójú rẹ̀ rí ni mo rí.

"Ìwọ náà?" ó ní.

Mo bú u, mo ní kó má sọ ìsọkúsọ sí mi. Mo bú u gan-an, nítorí òótọ́ ni.